Ènìyàn Laṣọ: Ta Ló Ń Gba Ọyẹ́ Níwájú Wa?

Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa nígbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni orí rẹ̀ gan-an là ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó jókòó síwájú lórí ọ̀kadà ló ń gba òtútù. Àwa tí a jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń bo ara. Tí a bá dé ibi tí à ń lọ, a ó sọ̀, a ó sanwó, a ó gba ṣéńjì, ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣé ó parí lóòótọ́? Tí ẹnìkan bá fi ara rẹ̀ gba ìyà kan kí ìyà náà má bàa kàn wá, tí a wá fún un lówó, ṣé a ti san gbèsè náà tán? Àbí ohun kan ṣì wà níbẹ̀ tí owó ò lè san?

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tí a fi ń kọ àròkọ lé e lórí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì, ní ìdájí, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní.

Òtútù tó ń ti Sàhárà bọ̀

Ìkẹ́rẹ́ wà lójú ọ̀nà tó ti Adó Èkìtì lọ sí Àkúrẹ́, òkúta ló sì yí i ká. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá rí á ti rí Olósùnta àti Òrólé, àwọn òkè gàgàrà tí ìlú náà fi ń yangàn. Lọ́sàn-án, òkúta wọ̀nyí a máa gbóná bí agbada tó wà lórí iná. Tó bá di òru ọyẹ́, wọ́n á tutù, ìlú náà á sì bá wọn tutù.

Àlejò ni ọyẹ́. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ló ń gbé e wá. Ó ń ru eruku bọ̀ lọ́nà, púpọ̀ nínú eruku yìí ló sì ń wá láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ètè fi ń bẹ́, tí gìgísẹ̀ ń sán, tí aṣọ tí a sá ń tètè gbẹ, tí àwọn ìyá wa sì ń wá òrí kiri. Ìdí kan náà ló fà á tí òru fi ń tutù. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló máa ń bá ilẹ̀ di ooru ọ̀sán mú. Tí kò bá sí i, ooru á ti bá ojú sánmà lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Kánádà lè fi wá ṣẹ̀rín níbí. Á ní, "Kí lẹ ń pè ní òtútù níbẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ ti rí yìnyín rí?" Òótọ́ ni pé omi ò di yìnyín ní Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n òtútù tí ara ń mọ̀ yàtọ̀ sí iye tí ẹ̀rọ ń kọ. Ní 1945, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì kan, Paul Siple àti Charles Passel, tẹ ohun tí wọ́n rí ní Antarctica jáde. Wọ́n rọ omi sínú ike, wọ́n gbé e síta, wọ́n ń wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó di yìnyín. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́ sí i ni omi náà ń tètè dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ènìyàn. Ara máa ń mú kí afẹ́fẹ́ tó fara kàn án lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà téèyàn da aṣọ fẹ́lẹ́ bora. Tí ìjì bá fẹ́, ó máa bọ́ aṣọ yẹn lọ. Ara á tún hun òmíràn, ìjì á tún bọ́ ọ.

Lórí ọ̀kadà, kò dìgbà tí ìjì bá ń jà. Ìsáré ọ̀kadà fúnra rẹ̀ ni ìjì. Bí ewé kò tiẹ̀ mì lórí igi, ẹni tó ń sáré 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ìjì tí ìsáré yẹn dá sílẹ̀ ló ń fi àyà gbà. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó tẹ orí ba díẹ̀, tó fi ojú pamọ́ sẹ́yìn èjìká ẹni tó ń wà á, ìdajì ìjì yẹn ò kàn án.

Ìka ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń jìyà. Tí òtútù bá mú ara, ara á fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, á kó o lọ sáàárín, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wà, torí ìyẹn ni kò gbọ́dọ̀ tutù. Ìka á wá kú tipiri. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìka yìí ló ń di búrèkì mú, òun náà ló ń tẹ kọ́lọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀mí àwa tí a jókòó sẹ́yìn wà lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tó dì mú dáadáa mọ́. Ẹ fi eruku ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀nà kún un, kẹ́ ẹ fi kòtò kún un, nígbà náà lẹ máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán.

Ẹ wo ọgbọ́n tí àwọn ọlọ́kadà ń dá sí i. Wọ́n á ra jákẹ́ẹ̀tì ọ̀kírìkà, wọ́n á wọ̀ ọ́ sódì, kí síìpù wà lẹ́yìn, kí ìjì má bàa gba ojú síìpù wọlé. Ẹni tí kò ní ìbọ̀wọ́ á ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn á dúró níbi tí wọ́n ti ń ta paraga, wọ́n á gbé ife kan sọ́nà ọ̀fun "kí ara lè gbóná." Níbi paraga yìí, ẹ̀tàn ló wà níbẹ̀. Ọtí líle máa ń ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ, ènìyàn á rò pé ara òun gbóná, bẹ́ẹ̀ ooru inú ara ló ń jáde síta fún ìjì láti gbé lọ. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbéni àti ẹni tí à ń gbé ti wà ní Ìkẹ́rẹ́. Láàárín 1910 sí 1914, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá nì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà. Ilẹ̀kùn náà ti wà ní London báyìí, ní British Museum, láti ìgbà ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924. Ẹ wo ohun tó wà lára rẹ̀. Ní apá kan, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́, àwọn ayaba àti ẹmẹ̀wà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba, Ambrose, ń bọ̀ wá kí ọba. Kò fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ènìyàn ló gbé e.

Gbogbo ayé mọ orúkọ Ògògà, wọ́n mọ orúkọ Ambrose, wọ́n sì mọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀. Àwọn tó gbé Ambrose ò ní orúkọ nínú ìwé kankan tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ rí wọn. Ó lè gbẹ́ òyìnbó yẹn sórí àga kó sì fi wọ́n sílẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ́ wọn mọ́ ọn, torí láìsí wọn, òyìnbó ò dé ọ̀dọ̀ ọba.

Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ ológeere dé. Olùkọ́, katikíìsì, adẹ́mu, oníṣòwò, ẹni tó bá rí owó rẹ̀ á rà á. Kẹ̀kẹ́ ológeere ní àánú kan nínú tí ọ̀kadà ò ní. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ lójú òkè Èkìtì nínú ọyẹ́, ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Kó tó rìn jìnnà, òógùn ti ń yọ lábẹ́ ẹ̀wù. Ọ̀kadà ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì ló ń gbóná. Ẹni tó ń wà á jókòó gbagidi, ìjì ń fẹ́ lù ú.

Orúkọ ọ̀kadà pàápàá, ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀. Láti ara Okada Air la ti mú un, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tó fi orúkọ ìlú rẹ̀ ní Ẹdó sọ ọ́. Àwọn ènìyàn fi orúkọ bàálù pe alùpùpù, torí pé òun náà ń fò láàárín gòsílóò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín bàálù àti ọmọ ìyá rẹ̀ yìí. Tí eruku ọyẹ́ bá bo ojú sánmà, tí awakọ̀ òfuurufú ò ríran tó, bàálù ò ní gbéra. Wọ́n á kéde rẹ̀, àwọn èrò á máa kùn, àmọ́ gbogbo wa gbà pé ẹ̀mí ju àkókò lọ. Ta ló ń kéde fún ọ̀kadà Ìkẹ́rẹ́ pé ọyẹ́ òní ti pọ̀ jù, kó má jáde?

"Ṣebí owó la san"

Èsì tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ni pé, ṣebí owó la san. Ọlọ́kadà dárúkọ iye, a gbà, ó gbé wa. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Tí òtútù bá pọ̀ jù fún un, kó jókòó sílé, ẹlòmíràn á gbé wa. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wà tó le, tí ènìyàn yàn fúnra rẹ̀, tó sì ń fi yangàn. A ò ní torí pé iṣẹ́ le ká wá sọ ẹni tó ń ṣe é di ẹni ìkáàánú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ "yàn" yìí wò. Ìlú kan wà ní Finland tó ń jẹ́ Oulu. Yìnyín máa ń bo ibẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, àmọ́ àìmọye ènìyàn ibẹ̀ ló ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ìwé nínú òtútù náà. Ní 2013, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí gígun kẹ̀kẹ́ nígbà òtútù. Kí ló mú kó ṣeé ṣe? Ìlú ti la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, tí yìnyín bá bọ́ sílẹ̀, ìlú ló ń kó o kúrò lójú ọ̀nà náà. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Oulu ní aṣọ tó nípọn, ó ní ìbọ̀wọ́, ó mọ̀ pé tí òun ò bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lónìí, bọ́ọ̀sì wà. Ẹni yẹn ló yan òtútù.

Ti Ìkẹ́rẹ́ yàtọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó jáde láago márùn-ún àbọ̀, tí ọ̀kadà tó ń wà sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, tó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún olówó ọ̀kadà kó tó rí tirẹ̀, òun kọ́ ló yan òtútù. Òtútù ló yàn án. Tó bá jókòó sílé, olówó ọ̀kadà ò ní jókòó sílé. Ó gbà láti gbé wa, òótọ́ ni, àmọ́ gbígbà tí ebi ń ti ènìyàn lẹ́yìn kì í ṣe irú gbígbà tí a lè fi sọ pé "ìwọ lo fẹ́ ẹ."

Kí ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní London, Manchester àti Toronto, àwọn ọmọ Yorùbá wà tó ń gbé àpò oúnjẹ onígun mẹ́rin kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òtútù oṣù Kìíní, kí pizza lè gbóná dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ẹ ronú sí i: àpò náà wúwo aṣọ ju ẹni tó gbé e lọ. Wọ́n fi ohun tó ń di ooru mú bo oúnjẹ, ara ẹni tó gbé e ló wà níta. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún Deliveroo dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà bá ẹgbẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ ní rárá, àjọṣe àwọn ènìyàn yìí pẹ̀lú ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbé oúnjẹ lè fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ní oṣù Kejì 2021 pé àwọn awakọ̀ tó pe Uber lẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì yanjú níbẹ̀ pàápàá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ẹlòmíràn lè rọ́pò rẹ̀" yìí, òun gan-an ni àwa náà ń sọ ní Ìkẹ́rẹ́ tí a bá ní "ẹlòmíràn á gbé wa." Lójú owó, òótọ́ ni. Owó ò mọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ti gbé wa dé náà ló ni ín. Lójú òtútù, irọ́ ni. Òtútù ò lè mú "ẹnikẹ́ni." Àyà kan pàtó ló ń fẹ́ lù, ìka kan pàtó ló ń sọ di òkú. Nígbà tí ẹlòmíràn bá rọ́pò, ara tirẹ̀ ló máa fi gbà á. A lè pààrọ̀ ẹni tó ń gba ìyà náà, a ò lè pààrọ̀ pé ẹnìkan ló ń gbà á. Gbèsè tí à ń wá rèé. Owó ọkọ̀ ti san owó epo, ó ti san owó ìrìnnà, ó lè san owó àkókò pàápàá. Ti pé ara ẹnìkan dúró láàárín wa àti ìjì, ìyẹn ò sí nínú iye tí a jọ sọ.

Òtòṣì méjì lórí ọ̀kadà kan

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹni tó wà lẹ́yìn kì í sábà ṣe ọlọ́rọ̀. Ẹ wo àwọn tó ń gun ọ̀kadà láago mẹ́fà ìdájí: ìyá tó ń gbé ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sílé ìwé abúlé, àgbẹ̀ tó ń lọ sóko kòkó, akẹ́kọ̀ọ́ BOUESTI, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni àtijọ́ tí wọ́n sọ di yunifásítì ní 2020. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ ọlọ́kadà pé kó dín owó kù, kì í ṣe ahun. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹun lọ́sàn-án. Nígbà tí ààrẹ tuntun kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ọ̀kadà gbéra. Èrò ń bínú sí ọlọ́kadà, ọlọ́kadà ń bínú sí èrò, àwọn méjèèjì ò sì rí ẹlòmíràn bínú sí ní ìdájí ọyẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "ẹ kàn fi owó kún un," ó ti sọ òótọ́ tó kàn án, ìyẹn tó bá ní owó. Ẹni tó bá lè fi kún un, kó fi kún un, kó má sì ṣe é bí ẹni tó ń ṣe saárà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó nìkan la lè fi san gbèsè yìí, a jẹ́ pé tálákà ò lè san án láéláé, òun ló sì ń jẹ ẹ́ jù. A gbọ́dọ̀ wá ohun tí ẹni tí kò ní lọ́wọ́ náà lè san.

"Pẹ̀lẹ́" ńkọ́? "Ẹ kú òtútù o"? Ó dára. Ìkíni ò tíì pa ẹnikẹ́ni, ọlọ́kadà tí a bá sì kí gẹ́gẹ́ bí ènìyàn á dáhùn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Àmọ́ pẹ̀lẹ́ ò dá ìjì dúró. Ohun mẹ́ta wà tó ń dá a dúró díẹ̀.

Ìkíní ni ìsáré. Bí ọ̀kadà bá ṣe ń sáré tó ni ìjì ṣe ń le tó. Torí náà, nígbà tí a bá jáde nílé pẹ́, tí a wá ń sọ fún ẹni tó wà níwájú pé "ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré díẹ̀, mo ti pẹ́," à ń pàṣẹ òtútù fún un ni. Àwa la pẹ́, òun ló máa tutù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a bá fi tètè kúrò nílé lásìkò ọyẹ́, ẹ̀bùn ni fún ìka ọwọ́ ẹnìkan, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ ò lè fi owó ra ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn fún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé.

Ìkejì ni ìdúnàádúrà. Kò sóhun tó burú nínú ìdúnàádúrà, àṣà wa ni, ẹ̀rín àti àwàdà ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó gùn ún la máa ń dúnàádúrà. Ẹni tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n dárúkọ iye, tó gun ọ̀kadà, tó fi ẹ̀yìn ẹlẹ́yìn bo ara láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó, tó sọ̀ tán tó wá ń ní "iye tí mo máa ń san kọ́ nìyí," ohun tí ẹni yẹn ń ṣe kọjá ìnájà. Ó ti lo aṣọ tán, ó ń dá owó aṣọ dù.

Ìkẹta ni ọmọdé, ọ̀rọ̀ yìí ló sì dùn wá jù. A máa ń rí òbí tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tó jẹ́ pé orí táńkì, níwájú ọlọ́kadà, ló gbé ọmọ kékeré sí, kí àyè lè gba òun àti ọmọ kejì lẹ́yìn. Ẹni tó kéré jù ló wà níwájú gbogbo wa. Ara ọmọdé kì í tọ́jú ooru tó ti àgbà, ó sì tètè ń tutù. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ nípa ẹni tó ń gba ìjì níwájú, a jẹ́ pé a ti sọ ọmọ ọdún mẹ́rin di aṣọ fún ènìyàn mẹ́ta tó dàgbà jù ú lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀pá gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn fúnra yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ ọyẹ́, kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ sí i.

Aṣọ méjì

A ti sọ ti èrò. Ọlọ́kadà náà jẹ gbèsè, torí ẹni tó wà níwájú ló di ẹ̀mí ẹni tó wà lẹ́yìn mú. Ife paraga tó ń mu kí ara lè gbóná, èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́, bẹ́ẹ̀ ara ò sì gbóná. Ife ẹ̀kọ gbígbóná tàbí tíì ń ṣiṣẹ́ tó paraga ń purọ́ pé òun ń ṣe. Ọlọ́kadà tó rí i pé ilẹ̀ ò tíì mọ́, aláìsàn ń fẹ́ dé ọsibítù, kò sì sí ọ̀kadà mìíràn, tó wá sọ owó di ìlọ́po mẹ́rin, òun náà ti sọ òtútù ẹlòmíràn di ọjà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èrò nílò ẹ̀yìn ọlọ́kadà, ọlọ́kadà nílò owó èrò, ẹni tó bá fi àìní ẹnì kejì rẹ̀ fún un lọ́rùn ti ba nǹkan kan jẹ́ tó ju owó lọ.

Ẹni kẹta sì wà tí kì í gun ọ̀kadà rárá. Òun ló wà nínú mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ ti pa, tó ń kọjá lára àwọn méjèèjì. Ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn ará Èkìtì sì ti pariwo lé e lórí fún ọdún pípẹ́. Kòtò ojú ọ̀nà ò dọ́gba fún gbogbo wa. Kòtò tí mọ́tò gbà kọjá pẹ̀lú ìdààmú díẹ̀, ikú ló lè jẹ́ fún ọwọ́ tó ti kú tipiri lórí búrèkì. Ní Oulu, ìlú ló jáde lọ kó yìnyín kúrò. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo ìlú bá ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ pín nínú òtútù rẹ̀. Níbi tí ìlú ò ti pín nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wà lọ́rùn ẹni tó jókòó síwájú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ kan ẹ̀yin lẹ máa wà ní káńsù, ní ilé aṣòfin, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí iṣẹ́ ọ̀nà, ẹ má gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ ni ìka ọwọ́ ṣe rí.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ènìyàn laṣọ. Nígbà tí ara bá yá wa la máa ń sọ ọ́, níbi ayẹyẹ, tí a bá wo ọ̀tún wo òsì tí a rí àwọn ènìyàn wa. Ní ìdájí ọyẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní òwe. Ó di ohun tí à ń fi ara wọ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí à ń ṣe sí aṣọ tí a fẹ́ràn. A kì í wọ́ ọ nílẹ̀. A máa ń fọ̀ ọ́, a máa ń sá a, tó bá ya a máa ń rán an. Èyí tí a kàn ń lò ṣáá tí a ò tọ́jú, àkísà ló ń dà.

Tẹ́ ẹ bá bi wá léèrè bóyá gbèsè yìí ṣeé san tán, a ó ní rárá, kò sì burú. Gbèsè tí ọmọ jẹ ìyá tó pọ̀n ọ́n ò ṣeé san tán, a ò tìtorí ẹ̀ sọ pé ká má fún ìyá lóúnjẹ. Gbèsè tí kò ṣeé san tán la fi ń mọ̀ pé àjọgbé la wà. Èyí tó ṣe pàtàkì ni kí ẹni tó jẹ ẹ́ mọ̀ pé òun jẹ ẹ́, kó sì máa san án díẹ̀díẹ̀: kó tètè jáde nílé, kó san iye tó gbà láti san, kó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lójú ìjì. Ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ò ní pẹ́ dé. Ẹni tó máa jókòó síwájú wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ò tíì mọ̀ ọ́n, àmọ́ a ti mọ ohun tí ara rẹ̀ máa gbà.